Kámẹ́rà Tí Kò Lẹ́yìn

Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ̀san gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dunjú, nítorí ẹ̀san tí èèyàn ò mọ̀ ọ́n gbà, ẹlẹ́yà ló máa ń dà. Ojú-Ẹja mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Obìnrin ayàwòrán ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú àwọn tó ń bẹ ìyàwó tuntun pé kó rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwòrán àyíká ló ń yà, irú èyí tí èèyàn máa ń ṣí lórí fóònù, tí á sì máa fi ìka yí i: á rí iwájú, á rí ẹ̀yìn, á wo òkè àjà, á wo ilẹ̀, bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló dúró sí àárín yàrá náà. Lẹ́ńsì tó fi ń yà á rí rogodo, ó yọ síta bí ojú ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò, ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti fún un lórúkọ. Orúkọ yẹn ò bí i nínú. Ohun tó ń bí i nínú wà níbòmíràn.

Ohun tí wọ́n ṣe fún àbúrò rẹ̀ obìnrin ni. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì mọ aṣọ rán débi pé bó bá rán an tán, o ò ní mọ ibi tí òwú gbà kọjá. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Sísọ́ọ̀sì ló ti ń ṣiṣẹ́, aránṣọ tó lókìkí jù ní gbogbo agbègbè. Ọjọ́ kan ni bọ́tìnì góòlù tí oníbàárà kan jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tó ní kí wọ́n bá òun rán mọ́ kóòtù, di àwátì lórí tábìlì ìgéṣọ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé kóòtù náà fún, nítorí náà Abẹ́rẹ́ ni olè. Ọ̀gá Sísọ́ọ̀sì tú báàgì rẹ̀ dà sílẹ̀ níṣojú oníbàárà, ó ṣí ìborí rẹ̀, ó ní kó bọ́ bàtà. Wọn ò rí nǹkan kan. Kàkà kó tọrọ àforíjì, ó ní olè tó bá mọṣẹ́ kì í gbé ẹrù sára. Ó lé e síta, ó tẹ fọ́tò rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí aráyé ṣọ́ra fún ọmọ yìí, olè ni. Ó tún fi ránṣẹ́ sí gbogbo aránṣọ tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gba Abẹ́rẹ́ síṣẹ́ mọ́. Yàrá méjì tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń gbé ló ń jókòó sí, tí á máa bá àwọn ará ilé ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, tí kì í sì í fẹ́ yọjú síta. Bó bá ti sunkún tán, á bọjú. Bí Ojú-Ẹja bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gégùn-ún fún Ọ̀gá Sísọ́ọ̀sì, ohun kan náà ló máa ń sọ.

"Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Inú bíbí ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀."

"Èmi lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀," Ojú-Ẹja á dá a lóhùn. "Ìwọ ni wọ́n gé lẹ́sẹ̀."

Kò fi sílẹ̀. Ta ni yóò fi sílẹ̀? Nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan wá sọ pé Ọ̀gá Sísọ́ọ̀sì ti kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá, pé ó ń wá ẹni tó máa ya àwòrán àyíká ibẹ̀, kó lè gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó sì tún fi han àwọn àlejò lórí tẹlifíṣọ̀n fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ́jọ́ ìṣíde, ńṣe ni Ojú-Ẹja dìde dúró.

"Jọ̀ọ́, gbé iṣẹ́ yẹn fún mi. Má bi mí ní ìdí."

Ọ̀gá Sísọ́ọ̀sì ò mọ̀ ọ́n rí. Abẹ́rẹ́ jọ ìyá wọn, òun jọ bàbá. Ẹni tó bá rí àwọn méjèèjì lójú ọ̀nà á rò pé ayálégbé onílé kan náà lásán ni wọ́n.

Ohun tó ní lọ́kàn láti ṣe rọrùn. Àwòrán àyíká kì í ṣe àwòrán ẹyọ kan. Àwọn àwòrán bíi mélòó kan ni, tí wọ́n yà yíká láti ojú kan ṣoṣo, tí etí èyí á gun etí ìkejì, kí kọ̀ǹpútà lè rí ibi tí á ti rán wọn pọ̀. Níbi tí wọ́n ti gun ara wọn yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni kámẹ́rà rí ohun kan náà. Bí ohun náà bá dúró jẹ́ẹ́, kò sí wàhálà. Bó bá mira, ó lè di ẹni tí orí rẹ̀ wà níhìn-ín tí ọrùn rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, àfi kí ẹni tó ń rán an yan èyí tó máa fi sílẹ̀, kó sì pa èyí tó kù rẹ́. Ojú-Ẹja ti pinnu pé òun ò ní pa nǹkan kan rẹ́. Òun máa fún Ọ̀gá Sísọ́ọ̀sì ní orí méjì, kí gbogbo ìlú fi í ṣẹ̀fẹ̀, kí wọ́n gbé fọ́tò tirẹ̀ náà káàkiri.

Àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ tó ń lọ ni inú rẹ̀ ti ń dùn. Ó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó sì rí fọ́tò àbúrò rẹ̀ lára gíláàsì. Ṣọ́ọ̀bù tuntun, gíláàsì tuntun, fọ́tò àtijọ́. Ọkùnrin náà ṣí i láti ibi àkọ́kọ́ wá síbí, ó tún lẹ̀ ẹ́, ó rọra tẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ dáadáa. Ojú-Ẹja ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ tán kó tó ti ilẹ̀kùn wọlé.

Ibẹ̀ dára, kí a má purọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ tò lọ bẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, orí wọn ń dán. Òwú oríṣiríṣi àwọ̀ gun ògiri kejì láti ilẹ̀ dé àjà. Tábìlì ìgéṣọ gígùn kan wà láàárín, ṣọ́ọ̀kì funfun ti fín in lára káàkiri, òórùn áyọ́ọ̀nù gbígbóná sì gba gbogbo inú ilé. Ọ̀gá Sísọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ wọ aṣọ bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ara rẹ̀, ó so téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn bíi ìlẹ̀kẹ̀ oyè.

"Àǹtí Oníkámẹ́rà, ẹ káàbọ̀! Mo ti tún ibi tẹ́ ẹ máa yà ṣe. Iwájú ọ̀hún nìyẹn."

Lóòótọ́ ló tún un ṣe, ṣùgbọ́n ìdajì ilé ló tún ṣe. Gbogbo ohun tó lẹ́wà ló kó sí iwájú, sábẹ́ pátákó orúkọ rẹ̀. Àjákù aṣọ, páálí òfìfo, àwọn ère aláìlórí tí apá wọn ti kán, gbogbo rẹ̀ ló ní kí àwọn òṣìṣẹ́ kó sẹ́yìn, níbi tó rò pé ẹ̀yìn kámẹ́rà á wà. Ó wá yíjú sí arúgbó kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́yìn lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ má bàa wọ fọ́tò."

Ìyá rẹ̀ ni. Arúgbó tó mọ́ tónítóní, àpò aṣọ kan lórí itan rẹ̀. Wọ́n gbé àga rẹ̀ sí ìparí tábìlì ìgéṣọ, láàárín àwọn páálí, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn.

Ojú-Ẹja mọ̀ pé ó yẹ kí òun là á yé ọkùnrin náà. Kámẹ́rà yìí ò lẹ́yìn. Kò sí ibi tí èèyàn lè sá pamọ́ sí nínú yàrá tó bá wà, àfi ẹni tó bá sá jáde. Ká ní oníbàárà mìíràn ni, á ti sọ fún un kó tó bọ́ báàgì léjìká. Lọ́jọ́ yẹn, ó pa ẹnu mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà," ló kàn wí bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà.

"Òo, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Mà."

Ó gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń jókòó lé kalẹ̀, ó tún un tò títí ó fi dúró ṣánṣán. Ó sún kámẹ́rà síwá sẹ́yìn lórí irin rẹ̀ títí ojú lẹ́ńsì fi bọ́ gẹ́lẹ́ sórí òpó tó ń yí lé, nítorí bó bá fi díẹ̀ yẹ̀, ohun tó wà nítòsí àti ohun tó wà lókèèrè á máa sá fún ara wọn, abẹ́rẹ́ ayé kankan ò sì ní lè rán wọn pọ̀. Ó ní kí gbogbo èèyàn dúró jẹ́ẹ́ níbi tí wọ́n wà. Ó yà, ó yí kámẹ́rà, ó bá a yí, ó tún yà. Ọ̀gá Sísọ́ọ̀sì kọ́kọ́ dúró sábẹ́ pátákó rẹ̀, ó ta àyà síta. Bí kámẹ́rà ṣe ṣí ojú kúrò lára rẹ̀ ló sáré wá sẹ́yìn pé òun fẹ́ rí ohun tó ń rí, tó sì dúró sí ààrin àwọn páálí, ọwọ́ ní ìbàdí. Ọ̀gá méjì nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Ojú-Ẹja yà á bẹ́ẹ̀. Ó ya òkè, ó gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kúrò, ó ya ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́rù.

"Ọmọ mi," ni ìyá náà wí, "ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Mà," ó dáhùn láìgbójú sókè.

Bó ti délé, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Abẹ́rẹ́ gbé àga wá bó ṣe máa ń ṣe. Kò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ ojú rírán. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, etí fèrèsé yẹn wọ́," tí á sì rí bẹ́ẹ̀.

"Iṣẹ́ ta nìyí?"

"Ilé ìtura kan ni. Kò le. Lọ sinmi."

"Ẹ ò fẹ́ kí n wò ó?"

"Mo ní kó o lọ sinmi."

Àbúrò gbé àga rẹ̀ padà. Ojú-Ẹja ti ilẹ̀kùn, ó sì kó àwọn àwòrán náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí Ọ̀gá méjì, ó rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ibi tí àwọn àwòrán ẹ̀yìn ti gun ara wọn, níbi tí ìyá Ọ̀gá jókòó sí, láti mọ bí òwú á ṣe gba ibẹ̀ kọjá, ni ẹ̀rín náà bá kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Nínú àwòrán kan, ìdè ìgbànú fàdákà kan wà lórí tábìlì, ọwọ́ ọ̀tún ìyá náà sì wà lórí rẹ̀. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, orí tábìlì ti ṣófo, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ti wà lẹ́nu àpò aṣọ orí itan rẹ̀, fàdákà náà ń kọ mànà láàárín ìka méjì. Ojú-Ẹja fẹ̀ ẹ́. Ó tún fẹ̀ ẹ́. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ìyá Ọ̀gá! Ìyá tó bí ẹni tó ṣí ìborí lórí ọmọ ọlọ́mọ! Orí méjì kọ́ ni òun máa fún ọkùnrin náà mọ́. Òun máa gba orí kan ṣoṣo tó ní.

Ó fẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì rí ojú ìyá náà. Ìyá náà ò wo ọ̀tún, kò wo òsì, bí ẹni tó ń jalè ṣe máa ń wò. Ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀rín kan náà tó ń rín láti àárọ̀, bí ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ palẹ̀ oúnjẹ mọ́. Ojú-Ẹja rí i. Màá tún un sọ kó lè dá wa lójú: ó rí i. Ó ní àyè láti pe Ọ̀gá sí kọ̀rọ̀, kó fi àwòrán méjèèjì hàn án, kí ó ní kó wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò òun, kó sì yọ fọ́tò yẹn. Ìyẹn ì bá tó. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ èyí tó tó. Ó fẹ́ èyí tó dùn.

Nítorí náà, ó rán an. Ó pa Ọ̀gá ẹ̀yìn rẹ́, ó fi ti iwájú sílẹ̀, ó jẹ́ kó dára, nítorí kò fẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ kékeré ba ohun ńlá jẹ́. Gbogbo ojú rírán tó kù, ó dì í mọ́ra débi pé Abẹ́rẹ́ pàápàá ò ní rí i. Nígbà tó kan ìyá náà, ó yọ̀ǹda kí àwòrán méjèèjì jókòó léra wọn. Ọwọ́ òsì kan, ọwọ́ ọ̀tún méjì: ọ̀kan lórí tábìlì, ọ̀kan lẹ́nu àpò, fàdákà nínú méjèèjì.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e lọ fún Ọ̀gá Sísọ́ọ̀sì. Inú ọkùnrin náà ò dùn.

"Olè tún ti wọ ibí, Àǹtí. Ìdè ìgbànú ọ̀gá ilé-ìwé kan ni. Ọmọ kan tí mo lé lọ nígbà kan, ó jọ pé ó fi àrùn rẹ̀ ran àwọn tó kù. Mo máa lé gbogbo wọn tó bá yá." Ó gba fóònù, ó wo iwájú, ó rí ara rẹ̀ lábẹ́ pátákó. Ojú rẹ̀ tàn. "Háà! Èmi rèé bí ọba! Ẹ káre, iṣẹ́ yìí pójú owó."

Kò fi ìka kàn án kó yí. Ojú-Ẹja dúró, ó ń wò ó, ó ń retí pé bóyá á yí i. Ẹni tó bá ti fẹ́ràn iwájú ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ wá dé ẹ̀yìn?

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn oníbàárà wá, àwọn aránṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, àwọn tí ò rán aṣọ rí pàápàá wá torí ohun mímu tútù. Màmá jókòó sórí àga rẹ̀ nínú aṣọ tuntun, àpò rẹ̀ lórí itan. Ọ̀gá Sísọ́ọ̀sì tan tẹlifíṣọ̀n, ó sọ̀rọ̀ gígùn nípa ara rẹ̀, ó wá gbé fóònù tí wọ́n fi ń yí àwòrán náà lé ọ̀gá ilé-ìwé lọ́wọ́, láti fi tù ú nínú.

"Ẹ yí i bó ṣe wù yín, Mà. Kò sí ibi tí ẹ ò ní rí."

Obìnrin náà yí i. Ẹ̀rọ kọjá, òwú kọjá, fèrèsé kọjá. Ó dé àárín àwọn páálí.

"Ẹ wo Màmá! Màmá lọ́wọ́ mẹ́ta!"

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pé kí wọ́n kà á. Ọ̀gá Sísọ́ọ̀sì ń wá Ojú-Ẹja kiri láàárín èrò, ojú rẹ̀ ti ń le. Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ àwòrán náà, kí wọ́n lè rí ọwọ́ kẹta dáadáa. Ẹ̀rín kú lẹ́nu òun ni àkọ́kọ́.

"Ìdè mi nìyẹn."

Ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n.

"Mo ní ìdè ìgbànú mi nìyẹn! Ó wà lórí tábìlì, ó wà lẹ́nu àpò!"

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀gá Sísọ́ọ̀sì wí. "Kámẹ́rà ló ń purọ́. Ìyá mi? Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín." Ó rìn lọ, ó gba àpò lórí itan ìyá rẹ̀, ó sì tú u dà sórí tábìlì ìgéṣọ bó ṣe tú ti Abẹ́rẹ́.

Ìdè fàdákà ló kọ́kọ́ já bọ́. Lẹ́yìn náà ni kọ́kọ́rọ́, awò ojú ẹnìkan, ìdérí ìgò, ègé ọṣẹ, ṣíbí, àti bọ́tìnì góòlù tó sọnù yẹn, tó yí gbirigbiri lọ sí etí tábìlì.

"Rọra, rọra," ni Màmá ń wí, ó ń fi ọwọ́ kó wọn jọ. "Mò ń bá wọn kó o pamọ́ ni, kí olè má bàa rí i gbé. O ti fẹ́ dà á nù."

Àwọn èèyàn ti gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń ya ìyá náà. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ìyá ẹ ń jalè, ìwọ ń lé ọmọ ọlọ́mọ!" Ìgbà náà ni Ojú-Ẹja bọ́ sí àárín.

"Ọmọ tẹ́ ẹ lé yẹn, àbúrò mi ni. Ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi. Ẹ ṣí i lórí, ẹ bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ẹ lẹ fọ́tò ẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ó yá, ẹ lẹ ti ìyá yín náà!"

Ọ̀gá Sísọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àjákù aṣọ, téèpù lọ́rùn. Màmá ń wojú gbogbo èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí ló dé? Ta ló kú?"

Ó dùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ̀san kì í dùn. Ó dùn mọ́ Ojú-Ẹja débi pé kò mọ ìgbà tó ya fọ́tò àbúrò rẹ̀ kúrò lára gíláàsì, kò mọ ìgbà tó délé.

Ó ju fọ́tò náà síwájú Abẹ́rẹ́. Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń ṣe bí Ọ̀gá ṣe jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kó tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ló tú àpò Màmá?" ni Abẹ́rẹ́ bi í.

"Ọmọ ẹ̀ fúnra ẹ̀."

"Lójú gbogbo èèyàn?"

"Bí wọ́n ṣe tú tìẹ."

Abẹ́rẹ́ gbé ṣòkòtò tó ń rán sílẹ̀. "Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀."

"O mọ kí ni?"

"Mo mọ̀ pé Màmá ló mú bọ́tìnì yẹn. Ojú mi ló ṣe mú un. Ó ti pẹ́ tó ti ń mú nǹkan, tí èmi á yọ ọ́ nínú àpò ẹ̀, tí màá dá a padà kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mi ò ráyè."

"O sì jẹ́ kí wọ́n pè ẹ́ lólè!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọdé ni mí. Bó pẹ́ bó yá, wọ́n á gbàgbé tèmi. Orúkọ tí wọ́n bá fún Màmá báyìí, òun ló máa gbé wọ sàréè." Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Èmi ni mo ni orúkọ tí mo fi bò ó. Ta ló ní kẹ́ ẹ bá mi gbà á padà?"

"Èmi ni mò ń wo ẹkún ẹ lójoojúmọ́!"

"Mo sunkún. Mi ò rán yín níṣẹ́." Ó dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀. "Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń rán an, ẹ wo ojú ẹ̀?"

Ojú-Ẹja mú fọ́tò náà, ó dojú rẹ̀ dé.

"Ẹ rí i pé kò mọ ohun tó ń ṣe?"

"Abẹ́rẹ́, jókòó..."

"Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Màmá nìkan ló pè mí lọ́mọ níbẹ̀ yẹn." Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jáde sínú oòrùn ọ̀sán, láìbo orí.

Fóònù Ojú-Ẹja ò sinmi. Àwọn aránṣọ tí wọ́n ti kọ Abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ń pè pé kó wá bá àwọn ṣiṣẹ́, ọ̀kan ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọlúàbí ni. Láàárín ìpè, àwòrán náà ń wọlé láti ibi gbogbo. Wọ́n ti gé ìyá náà jáde nínú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ mẹ́ta, ẹ̀rín lẹ́nu, wọ́n sì ti kọ Ìyá Ọlọ́wọ́ Mẹ́ta sí i lábẹ́. Ẹnìkan ti fi orin sí i. Ojú-Ẹja ṣí kọ̀ǹpútà, ó pa àwòrán rẹ́ níbi tó gbé e sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn tó pa á rẹ́ tán, ó tún wọlé sórí fóònù rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Abẹ́rẹ́ ló wọlé, ó di ìyá Ọ̀gá lọ́wọ́ mú.

"Èrò kún ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, torí Màmá ni wọ́n ṣe kóra jọ," ó wí, kò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Wọ́n ń kígbe orúkọ yẹn sí i láti ìta. Ẹ̀yìnkùlé la gbà jáde. Ọmọ ẹ̀ ní kó wà lọ́dọ̀ mi títí ariwo á fi lọlẹ̀."

Ó fi ìyá náà jókòó sórí àga ìdí kọ̀ǹpútà, torí òun nìkan ni àga tó ní tìmùtìmù. Màmá wo yàrá yíká, ó wo Ojú-Ẹja, ojú rẹ̀ sì tàn.

"Ìwọ lo wá ya fọ́tò wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Gbogbo wọn ń pariwo, wọ́n ń wò mí, wọn ò jẹ́ kí èmi rí i." Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó tún ọrùn aṣọ tuntun rẹ̀ ṣe, ó sì kọjú sí kọ̀ǹpútà tó ṣókùnkùn. "Ṣé mo rẹwà níbẹ̀?"

"Ẹ rẹwà, Mà."

"Ó yá, tàn án kí n rí i."

Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú-Ẹja na ọwọ́ sí bọ́tìnì kọ̀ǹpútà, ọwọ́ náà sì dúró síbẹ̀, kò lè tẹ̀ ẹ́.